Ìdò Tí A So Ààlè Mọ́

Nígbà tí Jemimah ti ilé ìjọsìn dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ó bá ìdò tí ó gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ní ìhòòhò. Àwọn ewé gbàgàdà tí ó bo ọ̀pá wọn ní òwúrọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀bẹ ti gé wọn láti ìdí, ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà sì ń sun omi. Ọ̀pá kan ṣoṣo, èyí tí ó sún mọ́ ògiri, ni ó ṣì ní ewé díẹ̀ lára, ó sì hàn gbangba pé kì í ṣe àánú ni ó dá wọn sí. Agbọ̀n ẹni tí ó ń gé wọn ni ó kún. Jemimah dúró sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, Bíbélì àti ìwé orin wà lábẹ́ apá rẹ̀.

Inú ilé ìdáná ni ìdáhùn wà. Lábísí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, jókòó sórí àpótí, ó ń bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú ewé, ó ń ká a, ó sì ń tò ó sínú ìkòkò ńlá. Àkókò Igogo ni, ọdún ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ tí obìnrin kì í wé gèlè nínú rẹ̀, nítorí náà orí rẹ̀ wà lásán. Àwọn ọmọ ilé tí ó wà ní Èkó àti Àbújá ti dé, ọ̀ọ̀lẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ jẹ.

“Ìyàwó, kú àbọ̀. Ṣé ìwàásù kò gùn jù?”

“Kò gùn, Eyínafẹ́ mi. Ẹ kú iṣẹ́.”

Eyínafẹ́ kì í ṣe orúkọ Lábísí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ ní orúkọ, nítorí náà ni Jemimah ṣe fún un ní orúkọ yìí ní ọdún tí wọ́n gbé e wọlé. Láti ìgbà náà wá, bí ó ti wù kí inú bí i tó, eyín Lábísí ni ó ní láti kọ́kọ́ yìn kí ó tó lè sọ ohun tí ó ń dùn ún.

“Ẹ jọ̀wọ́, ewé wo ni ẹ fi ń pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀ yìí?”

“Ewé ẹ̀yìnkùlé ni. Ewé eéran tí wọ́n ń tà lọ́jà ti gbó jù, ó ń ya bí ìwé ìròyìn. Tìrẹ yìí tutù, ó fẹ̀, kò sì jò. O káre tí o gbìn ín.”

“Òdòdó ni mo gbìn, Eyínafẹ́ mi.”

“Mo mọ̀. N kò fọwọ́ kan òdòdó rẹ. Òdòdó rẹ nìyẹn lókè.”

Òtítọ́ ni. Òdòdó wà lókè. Ó wà ní orí ọ̀pá òfìfo bí fìlà tí àgbẹ̀ fi kọ́ orí igi láti fi dẹ́rù ba ẹyẹ.

“Ṣùgbọ́n ewé ni ewéko fi ń jẹun,” ni Jemimah wí. “Bí a bá gé gbogbo ewé rẹ̀, kí ni yóò fi bọ́ èso rẹ̀? Ẹ kò tilẹ̀ bi mí.”

Lábísí gbé ojú sókè. Kò bínú, ó yà á lẹ́nu gidi ni. “Ìyàwó, ta ni ó ń tọrọ ewé nínú ilé bàbá rẹ̀?”

Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ayébáyé: ẹni tí ó bá ń dáná fún agboolé, kì í tọrọ ewé, kì í tọrọ omi, kì í sì í tọrọ iná. Jemimah wọ ilé lọ láti bọ́ aṣọ ìjọsìn rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ irú ohun tí ìdò yìí jẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ìdò tí kò tíì wò ó dáadáa rí. Ìdò ni ewéko tí ó máa ń hù ní etí odò àti ní ẹ̀yìn balùwẹ̀, tí ewé rẹ̀ jọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré, tí òdòdó rẹ̀ sì pupa, tí ó tín-ín-rín bí ahọ́n adìyẹ. Hóró rẹ̀ dúdú, ó le bí ọta ìbọn, àwọn kan sì máa ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ìdò inú igbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìbátan tí a máa ń gbìn sí iwájú ilé fún ẹwà, tí òdòdó tiwọn fẹ̀, tí ó rọ̀, tí etí rẹ̀ sì ń tẹ̀ wálẹ̀ bí etí aṣọ àrán, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn yóò búra pé òdòdó ọ́kídì inú kàlẹ́ńdà ni.

Nígbà tí Jemimah ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ní ẹ̀ka ọ̀gbìn, ọ̀kan nínú irú èyí wà ní abẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní tótòtó pupa lára. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n alẹ́gẹ́ ni: bí wọ́n bá gbàgbé láti bomi rin ín nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń dùbúlẹ̀. Ìdò etí odò kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí ó lè rí i gbé ṣe. Jemimah sì rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé, bí a bá lè so àwọn méjèèjì pọ̀, ọmọ tí wọn yóò bí yóò ní ẹwà ìyá rẹ̀, yóò sì ní agídí bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì, ìdí ìdò Àkúrẹ́ wà lára ẹrù rẹ̀ wálé.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lójoojúmọ́ ní àkókò òdòdó, kí oòrùn tó mú, ó máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ gba àtíkè orí òdòdó etí odò, ó sì máa ń fi kan ẹnu òdòdó Àkúrẹ́. Òdòdó ìdò kì í pẹ́ láyé. Èyí tí ó bá là ní òwúrọ̀ ti ń rọ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí òdòdó Àkúrẹ́ ń rọ tí kò so ohunkóhun. Àwọn ará ilé rí i bí ó ti ń fi ìyẹ́ kan òdòdó, wọ́n sì gbà láàárín ara wọn pé ìfẹ̀yìntì kì í bá gbogbo ènìyàn lára mu.

Ní ọdún yìí, èso kan so. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ó sì ní àwọ̀ ewé tútù. Orí ọ̀pá tí ó sún mọ́ ògiri ni ó wà. Bí a bá já a kí ó tó gbó, òfìfo ni a já. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí ìyá rẹ̀ títí yóò fi di dúdú tí yóò sì là fúnra rẹ̀. Èyí ni gbogbo ohun tí Jemimah ń tọrọ lọ́wọ́ agboolé ọkọ rẹ̀: kí wọ́n jẹ́ kí èso kan gbó.

“Ìyá Ṣèyí, ewé ni,” ni Akínjídé, ọkọ rẹ̀, wí láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. “Yóò tún hù.”

“Ọ̀bẹ náà ni ó ń bà mí lẹ́rù. Òun kan náà ni wọ́n fi gé ìdò ẹ̀yìn balùwẹ̀ Bàbá Ọlámúyìwá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ìdò yẹn ní àrùn, ọ̀bẹ sì máa ń gbé àrùn náà láti ara ọ̀kan dé ara èkejì.”

Akínjídé bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ìdò ń ṣàìsàn? Ṣé kí á gbé e lọ sí ọsibítù ni?” Ó fi àwàdà ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì padà sínú ìròyìn rẹ̀.

Àìsàn náà dé. Ewé tuntun tí ó yọ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka tẹ àtàrí wọn tí ó sì fà á wálẹ̀. Jemimah mọ̀ ọ́n. Kò sí oògùn rẹ̀. Ìdí ìdò náà kò ní pẹ́ di aláìlágbára, ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ yóò sì parí rẹ̀. Hóró nìkan ni ó lè bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà.

Ó kọ́kọ́ ṣe bí ọ̀làjú ti ń ṣe. Ó kọ ọ́ sórí pátákó, ó fi àmì sí gbogbo ibi tí àmì yẹ kí ó wà: Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Má Ṣe Fọwọ́ Kan Ìdò Yìí. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó bá ìró Lábísí lórí pátákó náà, tí ó ń gbẹ.

“Eyínafẹ́ mi, ṣé ẹ rí ohun tí mo kọ síbẹ̀?”

“Mo rí i, ìyàwó. Ọwọ́ rẹ ṣì dára. N kò sì fọwọ́ kan ìdò; pátákó ni mo sá aṣọ sí.”

Lẹ́yìn èyí ni Jìbírílù dé. Aládùúgbò ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa sín tẹ̀sùbáà fún àwọn tí ń lọ sí mọ́sáláṣí àárín ìlú. Ó kí Jemimah dáadáa, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, ó sì wá fi ojú sí ẹ̀yìnkùlé.

“Màmá, mo rí i pé ìdò yín ti so. Ẹ bá mi tọ́jú hóró rẹ̀.”

“Ìdò kún etí odò, Jìbírílù. Lọ ká níbẹ̀.”

“Ti etí odò kéré, Màmá. Tiyín yóò tóbi, yóò sì dán.”

“Kò sí ẹni tí ó mọ bí tèmi yóò ti rí. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n. Irú rẹ̀ kò sí láyé rí!”

“Alhamdulilahi,” ni Jìbírílù wí. “Nítorí náà ni mo ṣe tètè wá.”

Lábísí ń fẹ́ ewé, Jìbírílù ń fẹ́ hóró, ewúrẹ́ ilé kejì sì ń fẹ́ ohun gbogbo. Kò sí ẹnì kankan tí ó ń fẹ́ òdòdó. Nígbà tí àwọn ìyàwó kékeré tí ó ti Èkó wá tún gé ewé nínú ọ̀sẹ̀ náà, tí wọ́n sì bẹ Jemimah pé kí ó gbin púpọ̀ sí i nítorí ọdún tí ń bọ̀, sùúrù tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán pátápátá. Ó wọ inú ilé ìdáná, ó mú ṣùkù àgbàdo tí a ti jẹ hóró rẹ̀ tán, ó mú àjákù ìgbálẹ̀, ó ya àkísà pupa kan, ó so wọ́n pọ̀, ó sì fi wọ́n kọ́ orí igi kan ní ojúko ibi tí ìdò wà.

Ààlè ni. Jemimah, tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, tí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn àgbẹ̀ ìlú Ùsò pé kí wọ́n fi wáyà yí oko ká dípò kí wọ́n máa so àkísà, ni ó so ààlè. Ìbínú ni ó fi ta á ní kókó.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, àlàáfíà wà. Kò sí ẹni tí ó gé ewé. Àwọn ìyàwó Èkó ń gba ọ̀nà ìta lọ sí balùwẹ̀. Jemimah sì bẹ̀rẹ̀ sí rò pé àwọn baba wa gbọ́n ju pátákó lọ. Ohun tí kò rò ni pé a kì í so ààlè mọ́ ohun tí kò níye lórí. Igi ìdáná ni à ń so ó mọ́, àti obì, àti ebè iṣu, àti ọsàn. Láti ìgbà tí Ọ̀wọ̀ ti wà, kò sí ẹni tí ó rí ààlè lára òdòdó rí. Ìlú sì ronú lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì dé ibi tí ẹni tí ó bá ní làákàyè yóò dé.

Qudirat, ìyàwó Jìbírílù, ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ó jókòó sí ẹ̀bá Jemimah, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ́ kí n gbádùn. Ewé kan péré ni mo ń bẹ̀ yín fún.”

“Ewé wo?”

“Màmá! Ewé ẹ̀yìnkùlé.”

“Kì í ṣe oògùn, Qudirat. Òdòdó ni.”

“N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Kò sí ohun tí ìwọ yóò sọ! Òdòdó lásán ni. Ó kàn ń wuni láti wò ni, ó parí.”

Qudirat wò ó bí ènìyàn ti ń wo ahun. “Màmá, èmi náà kì í ṣe ọmọdé. Ta ni ó ń so ààlè mọ́ òdòdó? Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ọ̀gbìn, ṣé ẹ ó ṣàdédé máa fi ìyẹ́ adìyẹ kan ewé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù? Gbogbo àdúgbò ni ó ń rí yín. Ẹ ṣàánú mi.”

Jemimah ṣe àlàyé títí ẹnu fi dùn ún. Bí ó ti ń ṣàlàyé sí i ni ó ń dá Qudirat lójú sí i pé oògùn náà lágbára púpọ̀. Obìnrin náà bínú lọ. Àwọn mìíràn sì dé lẹ́yìn rẹ̀: ti orúnkún, ti ojú, ti ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó yá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Jemimah bá ihò nínú ilẹ̀ níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ìdò náà wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti hú u tìdí-tìdí. Olè náà tú ààlè kúrò lọ́nà, ó wa ohun tí ó fẹ́ wà, ó sì tún ààlè náà so padà, ó ta á ní kókó tí ó dára ju ti Jemimah lọ. Nínú ihò náà ni ó fi obì kan sí, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìwà kì í já ewé oògùn láìsan nǹkan fún ilẹ̀.

Jemimah di obì náà mú. Bí ó bá jẹ́ pé olè lásán ni, ì bá pariwo. Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ń pariwo lé ẹni tí ó jí nǹkan ẹni pẹ̀lú ọ̀wọ̀ báyìí? Ó yí ojú sí ẹ̀bá ògiri. Èso náà ṣì wà. Etí rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni olórí ẹbí ránṣẹ́ pè é.

Bàbá Ọlámúyìwá jókòó sínú àga rẹ̀ ní pálọ̀ ńlá, àwọn ọmọ ilé sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Lábísí wà níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Akínjídé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Jemimah kúnlẹ̀.

“Dìde, ìyàwó wa,” ni Bàbá wí. “Ìbéèrè kan ni mo ní. Ààlè, ta ni à ń so ó dè?”

“Olè ni, Bàbá.”

“Ó dára. Ta ni olè nínú ilé yìí?”

“Bàbá, kì í ṣe pé mo pe ẹnikẹ́ni ní olè. Èso kan ni mo ń ṣọ́. Bí ó bá gbó, n ó tú ààlè kúrò.”

“Èso náà, ṣé à ń jẹ ẹ́ ni?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ṣé oògùn ni bí wọ́n ti ń sọ?”

“Kì í ṣe oògùn, mo bẹ̀ yín! Mo ti sọ ọ́ títí.”

“Kí wá ni ìwúlò rẹ̀?”

Jemimah wo ojú gbogbo wọn. Ó ti kọ ìròyìn ọ̀gbìn fún kọmíṣánnà rí; ó mọ bí a ti ń to ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni ó rí sọ. “Yóò lẹ́wà, Bàbá.”

Ẹnì kan wúkọ́. Lábísí ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú àánú tòótọ́ nínú ohùn rẹ̀. “Ìyàwó, bí ó bá jẹ́ pé ẹwà ni, ìwọ náà lẹ́wà tó. Tú nǹkan yẹn kúrò, kí á sinmi.”

“Eyínafẹ́ mi, bí mo bá tú u kúrò, ṣé ẹ ó jẹ́ kí ewé tí ó kù wà lára rẹ̀?”

“N kò lè ṣe ìlérí lórí ewé,” ni Lábísí dáhùn, nítorí pé olóòótọ́ ènìyàn ni. “Bí àlejò bá dé ńkọ́?”

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. “Ìyàwó wa, a kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í so ààlè de ọmọ ilé. Bí ọjọ́ òní bá lọ, kí nǹkan yẹn bá a lọ. Ilé bàbá rẹ nìkan ni ìwọ ti lè so ààlè, kí ẹnikẹ́ni má sì bi ọ́ léèrè.”

Ìbáwí ni Bàbá fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ṣe. Ṣùgbọ́n Jemimah gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wí i. Ó dúpẹ́, ó jáde, ó mú ọkọ́, ó sì wa ìdí ìdò ẹ̀bá ògiri pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ lára rẹ̀. Ó gbé e sínú bàsíà, ó fi okùn di ọ̀pá rẹ̀ mọ́ igi kí èso má baà mì, ó sì ránṣẹ́ sí onítakisí.

“Níbo ni ò ń lọ?” ni Akínjídé béèrè.

“Ìdògún. Ilé bàbá mi.”

“Nítorí ewé?”

“Nítorí èso.”

“Ìyá Ṣèyí, kí ni kí n sọ fún àwọn ènìyàn?”

“Sọ fún wọn pé òdòdó ni. Wọn kò ní gbà ọ́ gbọ́.”

Ọ̀nà Ìdóàní, tí wọ́n gbà lọ sí Ìdògún, kò dára, Jemimah sì gbé bàsíà náà lé itan ní gbogbo ìrìn náà, ó ń fi ọwọ́ kan gbá èso náà mọ́ra bí orí ọmọ tuntun ní gbogbo ibi tí kòtò wà. Onítakisí wò ó nínú dígí, ó rí obìnrin àgbàlagbà tí ó ń gbé ẹrù lọ sí ilé bàbá rẹ̀ nígbà tí Igogo kò tíì parí, ó sì fi gbogbo ọ̀nà gbà á ní ìyànjú. “Màmá, gbogbo ọkùnrin bákan náà ni wọ́n rí. Sùúrù ni ilé ọkọ.” Nígbà tí wọ́n fi dé Ìdògún, Jemimah kò ní agbára láti ṣàlàyé mọ́.

Dùnsìn, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ń bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà tí takisí dúró. Ó ju garawa sílẹ̀, ó sì sáré wá kúnlẹ̀ fún ọmọ ilé ọkọ rẹ̀. “Ha, Akọ̀wé mi! Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ẹ̀yin àti ọkọ yín ni?”

“Kò sí ìjà. Òdòdó ni mo gbé wá.”

“Ẹ jókòó ná,” ni Dùnsìn wí jẹ́jẹ́. “Ẹ ó sọ ọ́ bí ara yín bá balẹ̀.”

Jemimah kò jókòó. Ó wo ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ yíká, ó rí ibi tí ilẹ̀ ti dúdú jù tí ó sì rọ̀ jù, ó sì lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́. Tẹ̀tẹ̀ kéékèèké kan wà níbẹ̀. Ó hú wọn, ó kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbin ìdò náà. Lẹ́yìn náà ni ó wá ṣùkù àgbàdo, ó wá àkísà, ó so ààlè rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ohunkóhun. Ọmọ onílé ni. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọ̀ọ̀lẹ̀.

Ó dúró sí Ìdògún títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Akínjídé ń tẹ̀ ẹ́ láago.

“Nígbà wo ni ìwọ yóò padà? Lábísí ní kí n kí ọ. Ó ní kí n sọ pé òun kò bínú.”

“Òun kò bínú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni ó wí.”

“Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀,” ni Jemimah dáhùn. “N ó padà nígbà tí èso bá là.”

Èso náà di pípọ́n, ó di dúdú, ara ṣákaṣàka rẹ̀ gbẹ bí ìwé. Àwọn ewé ìyá rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlà tán, wọ́n sì ń ká kò sínú, ṣùgbọ́n ọ̀pá náà kò wó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì pọ̀, èso náà là. Jemimah tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tì í jẹ́jẹ́, hóró dúdú díẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀, wọ́n le, wọ́n ń dán. Ó ti gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọjọ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó dé, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé hóró náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tí àrùn wà. Ilẹ̀ tuntun ni ó ń fẹ́, tí ó rọ̀, tí ó sì sún mọ́ omi.

Dùnsìn wà ní ẹ̀bá kànga. Ó ti gbin tẹ̀tẹ̀ mìíràn sí ebè kan níbẹ̀, ó sì ń ṣètò èkejì. Ilẹ̀ ebè kejì náà dára gan-an ni. Jemimah lọ bá a pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní pípadé. Ọkọ́ wà nílẹ̀ láàárín wọn. Ó wo ọkọ́ náà, ó sì wo tẹ̀tẹ̀. Ohun kan mú un tí kò fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e.

“Dùnsìn, jọ̀wọ́, ṣé n lè lo ebè yìí?”

Dùnsìn nà ró. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì ronú lórí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, bí ènìyàn tí a kò sábà máa ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

“Rárá o, Akọ̀wé mi,” ni ó wí. “Ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀.”

Jemimah la ẹnu. “Ṣùgbọ́n o kò sọ ohunkóhun ní ìjọ́sí, nígbà tí mo hú ti àkọ́kọ́!”

“Ẹ kò bi mí ní ìjọ́sí. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà, èsì kan náà ni ǹ bá fún yín.” Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́, kí ó má baà dà bí àfojúdi. “Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ̀fọ́ tí ẹ hú yẹn, òun ni à bá máa jẹ láti ìgbà tí ẹ ti dé.”

Inú bí Jemimah gidigidi. Ó yí ojú ká ẹ̀yìnkùlé náà, ó ń wá ilẹ̀ tí ó ṣófo, kò sì rí i. Ilá ìyàwó kan wà níhìn-ín, ata ti òmíràn wà lọ́hùn-ún, ewúro wà lẹ́bàá ògiri. Gbogbo ilẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ni ó ní ẹni tí ó ń ro ó. Hóró náà ti bẹ̀rẹ̀ sí gbóná nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Dùnsìn, Dùnsìn náà sì wò ó, kò sẹ́jú.

“Garawa kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná,” ni Dùnsìn wí. “Ìdí rẹ̀ ti lu, kò wúlò fún omi mọ́. Ẹ lè bu iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀. Mo fún yín.”